Ẹnubodè Àpápá àti Fóònù Ajégúnlẹ̀

Ẹni tí ó bá dúró ní Boundary, níbi tí Àpápá ti parí tí Ajégúnlẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀, yóò rí ìlú méjì tí kò jọra rárá, tí ó sì jẹ́ pé láti ọwọ́ ọ̀kan ni èkejì ti ń jẹ. Ọ̀kan ni Àpápá elébùúté, tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí láti Ṣáínà, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti láti Jámánì, tí kọ̀nténà ń gun orí ara wọn, tí àwọn awakọ̀ àjàgbé ń sùn tí wọ́n ń jí lójú títì. Èkejì ni Ajégúnlẹ̀ ọlọ́mọ yọyọ, níbi tí Yorùbá ilẹ̀ òkè àti Ìlàjẹ ará etí omi, pẹ̀lú Ìjọ, Urhobo, Ígbò àti Haúsá, ti ń gbé inú àgbàlá kan náà, tí wọ́n sì ń ra ohun yòówù tí ó bá ti wáàfù jáde, ìbáà ṣe tuntun, ìbáà ṣe tòkunbọ̀, ìbáà sì ṣe ayédèrú.

Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, mọ iyì Àpápá. Ilẹ̀ ìdílé Olúwa ni kí ìjọba amúnisìn tó gbà á ní 1913. Olóyè Amodu Tijani, tí ó jẹ oyè Olúwa nígbà náà, tí ó sì jẹ́ olórí ìdílé náà, gbé ọ̀rọ̀ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay, ajìjàgbara ará Èkó, sì tẹ̀lé e lọ, títí ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dá a láre ní 1921. Mo mẹ́nu kan ìtàn yìí nítorí pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Àpápá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ìjọba bi léèrè àti ẹni tí kò bi, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí ó gbé mi dìde lónìí sì rí.

Láti 2011 ni ìjọba ti ń bi gbogbo ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká léèrè pé, ta ni ọ́, kí ni orúkọ rẹ, níbo ni ò ń gbé, tẹ ìka rẹ síbí. Ìbéèrè náà kò burú, nítorí orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ fóònù fúnra rẹ̀ bí ó ti yẹ, kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kó o wọ̀lú. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí ó ra fóònù kan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni a tò sórí ìlà nínú oòrùn. A kò to ẹni tí ó kó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá irú fóònù bẹ́ẹ̀ gba ẹnubodè kọjá. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ fún wa pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kí á rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní ayé NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti ìjọba, ìlà tẹlifóònù tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 400,000 lọ, nígbà tí ènìyàn inú rẹ̀ sì ti lé ní 100 mílíọ̀nù. Ní oṣù kìn-ín-ní 2001, àjọ tí ń mójútó ètò ìbánisọ̀rọ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí NCC, tí Ẹnjiníà Ernest Ndukwe jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ta ìwé àṣẹ iṣẹ́ tẹlifóònù alágbèéká ní gbàǹjo, 285 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ, Econet àti MTN ti ń ta síìmù fún ará ìlú. Síìmù ìgbà náà, ohun ọlọ́lá ni, a máa ná ni tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà; ìpè ìṣẹ́jú kan sì jẹ́ 50 náírà, bí ọ̀rọ̀ bá fi ẹsẹ̀ kan péré wọ inú ìṣẹ́jú kejì, owó ìṣẹ́jú méjì ni wọn yóò gbà, títí Globacom, ilé-iṣẹ́ Mike Adenuga, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, fi dé ní 2003 tí ó ń ka ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn ìyá àti àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ gbé tábìlì àti agbòòrùn síta, wọ́n ń fi fóònù kan ṣoṣo ta ìpè fún gbogbo àdúgbò, ọ̀pọ̀ ọmọ sì wà tí a ti ara òwò yẹn rán ní ilé-ìwé.

Nígbà tí owó síìmù wálẹ̀, fóònù ni ó kù tí apá mẹ̀kúnnù kò ká. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ MediaTek ti Taiwan rí ọ̀nà láti kó ọpọlọ fóònù jọ sínú ẹ̀yà kékeré kan tí wọ́n ń tà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ní yàrá kan àti òṣìṣẹ́ díẹ̀ ní ìlú Shenzhen ní Ṣáínà fi lè ṣe fóònù tirẹ̀, kí ó sì lẹ orúkọ tí ó bá wù ú mọ́ ọn lára. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àìlówó wa ni ogiri tí ó lanu. Fóònù tí a ń pè ní Chinco wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń gba síìmù méjì, ó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, ohùn rẹ̀ ń dún ju ti rédíò lọ. N kò ní fi ọwọ́ rọ́ ire tí ó ṣe sẹ́yìn, nítorí òun ni fóònù àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ alákàrà, oníkẹ̀kẹ́ àti aláàárù fi gbọ́ ohùn ìyá wọn láti abúlé.

Ó yẹ kí á fi ààlà kan sílẹ̀ níhìn-ín. Fóònù olówó pọ́ọ́kú kò fi dandan jẹ́ ayédèrú. Ilé-iṣẹ́ wà tí ń ṣe fóònù tí apá tálákà ká, tí wọ́n fi orúkọ ara wọn tà á, tí wọ́n sì gbé e lọ fún NCC láti yẹ̀ wò kí ó tó dé ọjà, gẹ́gẹ́ bí òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003 ti là á sílẹ̀. Ayédèrú ni èyí tí ó gbé orúkọ olórúkọ wọ̀, tí ó yí lẹ́tà kan padà lára rẹ̀, tàbí tí ó kọ iye agbára bátìrì àti iye àyè ìpamọ́ tí kò ní sí ara páálí. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí a bá sì rí ọbẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ìdajì owó ẹran tí ó wà nínú rẹ̀, ó tọ́ kí á bi ara wa léèrè irú ẹran tí ó jẹ́.

Báwo ni a ṣe ń dá fóònù mọ̀? Gbogbo fóònù tí a ṣe bí ó ti tọ́ ni ó ní nọ́ńbà kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 15, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IMEI. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ ń sọ irú fóònù tí ó jẹ́ àti ẹni tí ó ṣe é. Mẹ́fà tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti fóònù kan ṣoṣo yẹn láàrin gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó gbẹ̀yìn, ìṣirò ni a fi ń yọ ọ́ láti ara àwọn mẹ́rìnlá tí ó ṣáájú, kí àṣìkọ má baà fara pamọ́. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lágbàáyé, tí a ń pè ní GSMA, ni ó ń bójú tó pínpín rẹ̀. Nígbà tí a bá tan fóònù tí ó sì ń wá òpó, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè mọ síìmù tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì lè mọ ara fóònù náà pẹ̀lú. Síìmù ni ẹni tí ó gun ẹṣin, fóònù ni ẹṣin: ẹni tí ó ń sá lè sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin kan kí ó bọ́ sórí òmíràn, ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹṣin ìlú bá ní àmì lára, a ó mọ èyí tí ó gbé e kọjá àti ilé tí ó ti jáde wá.

Ibẹ̀ gan-an ni ayédèrú ti ń ba nǹkan jẹ́. Ẹni tí ó ṣe é kò gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Yóò kọ òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tàbí kí ó da nọ́ńbà fóònù ojúlówó kan kọ sára ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù. Nígbà tí ajínigbé bá fi irú rẹ̀ béèrè owó ìtúsílẹ̀, tí ó sì ju síìmù sínú igbó, àmì tí ọlọ́pàá ìbá tẹ̀ lé yóò mú wọn lọ sí ẹgbẹ̀rún ilé tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Bí wọ́n bá sì já fóònù gbà ní Mile 2 lálẹ́, a kò lè sọ pé kí gbogbo òpó kọ̀ ọ́, nítorí bí a bá ti ọ̀kan pa, a ti ti ti ẹni ẹlẹ́ni pa pẹ̀lú rẹ̀.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni ó ń jìyà èyí. Àjọ ilẹ̀ Yúróòpù tí ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ, EUIPO, pẹ̀lú ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, ṣírò rẹ̀ ní 2017 pé 184 mílíọ̀nù fóònù ìgbàlódé ni àwọn oníṣòwò ojúlówó kò rí tà ní 2015 nítorí ayédèrú, àdánù tí ó tó 45.3 bílíọ̀nù owó euro. Ẹni tí ó rà á náà kò bọ́: bátìrì rẹ̀ ń wú, ó ń gbóná, òpó ń já, òjé àti àwọn kẹ́míkà mìíràn tí ó léwu sì wà lára rẹ̀, èyí tí ọmọdé tí wọ́n fún láti fi ṣeré yóò gbé sẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta 2011 ni ètò ìforúkọsílẹ̀ síìmù bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ń sún un síwájú títí di àárín 2013. Àwọn ilé-iṣẹ́ gba àwọn ọ̀dọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà kékeré àti ẹ̀rọ ìtẹ̀ka. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò nínú àìríṣẹ́ṣe. Ṣùgbọ́n iye orúkọ tí aṣojú bá kọ ni a fi ń ṣírò owó rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa, tí a sì ń fi iye sanwó fún, iye ni yóò máa wá, kò ní wá òtítọ́. Bẹ́ẹ̀ ni síìmù tí a ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú ṣe di ọjà: ẹlòmíràn a tẹ ìka tirẹ̀ fún ogún ènìyàn tí kò rí rí, ẹlòmíràn a sọ fún oníbàárà pé ẹ̀rọ kò gbà, kí ó tún ìka tẹ̀, ìtẹ̀ka kejì a sì di ti síìmù tí yóò tà fún àjèjì ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé, tí ó rò pé òun tẹ ìka lẹ́ẹ̀kan, lè ní síìmù mẹ́ta tí ń rìn kiri ayé ní orúkọ rẹ̀.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní ìka tí ẹ̀rọ lè kà. Ìyá tí ó ti ń yan ẹja láti ìgbà èwe, tí iná àti iyọ̀ ti jẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Birikilà tí sìmẹ́ǹtì ti fá ìlà ìka rẹ̀ dànù. Aláàárù wáàfù tí okùn àti irin ti yí àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀ padà: àwọn wọ̀nyí ni Ajégúnlẹ̀ kún fún. Ọwọ́ tí ó ń bọ́ Èkó ni ẹ̀rọ sọ pé òun kò mọ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá rántí èyí, ó máa ń gún mi lọ́kàn, nítorí pé kò sí ìlú tí ó yẹ kí ó dójú ti ẹni nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án 2015, ọjọ́ ìbí Olóyè Olú Fálaè, tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó rí, àwọn ajínigbé wọ oko rẹ̀ ní Ìlàdó lẹ́bàá Àkúrẹ́, wọ́n sì gbé e lọ. Fóònù ni wọ́n fi ń bá ìdílé rẹ̀ dúnàádúrà. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó mì. Nígbà tí oṣù tí ó tẹ̀ lé e ń parí lọ, NCC bu ìtanràn fún MTN nítorí nǹkan bí 5.2 mílíọ̀nù síìmù tí kò ní ìforúkọsílẹ̀ tí ó péye tí wọn kò sì tì pa: 200,000 náírà lórí síìmù kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1.04 tírílíọ̀nù náírà. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, Sifiso Dabengwa, fi ipò sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ àtúnsọ, ìtanràn náà wálẹ̀ sí 330 bílíọ̀nù ní oṣù kẹfà 2016. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan ni ìgbà tí òfin yìí kan ẹni ńlá lára.

Lẹ́yìn náà ni ó tún padà sórí mẹ̀kúnnù. Ní oṣù kejìlá 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ṣì ń jà, Isa Ali Pantami, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ nígbà náà, pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn so síìmù rẹ̀ mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn ya bo ọ́fíìsì NIMC, àjọ tí ń fúnni ní NIN, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, èémí kan èémí, nígbà tí ìjọba kan náà ń sọ pé kí á jìnnà síra. Wọ́n dá títa síìmù tuntun dúró títí di oṣù kẹrin 2021, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré sì jókòó ti agbòòrùn láìrí nǹkan tà. Ìgbà tí wọ́n sún ọjọ́ síwájú kò lóǹkà, títí di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin 2022 tí wọ́n ti ìpè pa mọ́ ìlà tí ó lé ní 70 mílíọ̀nù lẹ́nu, ní ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí àwọn agbébọn ti kọlu ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna. Àwọn agbébọn wọ̀nyẹn sì ń pe àwọn ìdílé lórí fóònù fàlàlà. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2024, ìlà tí a ti so mọ́ NIN ti lé ní 150 mílíọ̀nù. Iṣẹ́ ńlá ni, ó yẹ kí á yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gun ẹṣin nìkan ni a kọ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n gbìyànjú láti dé ọ̀dọ̀ ẹṣin náà. Ní oṣù karùn-ún 2021 ni ìwé ìlànà kan jáde tí ó ní kí ará ìlú wá fi IMEI fóònù wọn sílẹ̀ láti oṣù keje. Ariwo ta, NCC sì tètè jáde sọ pé kò sí ẹni tí a ní kí ó mú fóònù wá, pé ẹ̀rọ ni yóò ka nọ́ńbà náà láti orí òpó. Àlàyé wọn tọ́, nítorí pé kò sí ìdí láti tún da ará Ajégúnlẹ̀ sí oòrùn fún ohun tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti mọ̀.

Àwọn ará ìlà-oòrùn Áfíríkà ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Kenya pa fóònù ayédèrú tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ lẹ́yìn ìparí oṣù kẹsàn-án 2012. Tanzania gbé ìwé àkọsílẹ̀ IMEI kalẹ̀ ní oṣù kejìlá 2015, wọ́n fún ará ìlú ní oṣù mẹ́fà láti yẹ fóònù wọn wò, kí wọ́n tó pa ayédèrú ní oṣù kẹfà 2016. Oṣù mẹ́fà yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn wọn. Tálákà tí ó ti ra ayédèrú kò mọ̀. Bí a bá pa fóònù rẹ̀ lójijì, iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ ni a pa, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ti ń pè é, ibẹ̀ náà ni owó rẹ̀ wà.

Nítorí náà ni mo ṣe ń pariwo ẹnubodè. Kí á fi fóònù tí ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn sílẹ̀ kí ó gbó tán lọ́wọ́ wọn, kí á sì sọ pé láti ọjọ́ báyìí lọ, fóònù tuntun tí IMEI rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé kò ní rí òpó lò. Bí ẹni tí ó ń kó o wọlé bá mọ̀ pé fóònù tí ó kún kọ̀nténà òun kò ní lè pe ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọ kí ó tó jáwọ́. Àwọn aṣọ́bodè wà ní èbúté Àpápá àti ní èbúté Tin Can. Àjọ SON tí ń yẹ ìdúróṣinṣin ọjà wò ti ní ètò SONCAP láti 2005, tí ọjà fi ń gba ìwé ẹ̀rí láti ìlú tí ó ti ń bọ̀. Síbẹ̀, ní 2011 ni ìjọba kó àwọn àjọ kan kúrò ní èbúté, SON pẹ̀lú wọn, kí iṣẹ́ lè yá. Kí iṣẹ́ yá dára, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi ìyára ṣe ìlẹ̀kùn fún ayédèrú. Ìwádìí kan tí ẹgbẹ́ Basel Action Network ṣe ní 2005 fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀nténà ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni ó ń wọ Èkó lóṣooṣù, ọ̀pọ̀ jù lọ ohun inú rẹ̀ ni kò sì ṣeé tún ṣe. Mo gbà pé fóònù fúyẹ́, pé ó lè gba pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà tàbí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Nítorí èyí gan-an ni òpó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnubodè ìkẹyìn, èyí tí a kò lè fi ẹ̀yìn ilé gbà.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ *#06# lórí fóònù kí ẹ tó san owó. IMEI rẹ̀ yóò jáde, ó sì gbọ́dọ̀ bá èyí tí ó wà lára páálí mu láìyẹ̀. Bí kò bá jáde, tàbí tí ó jẹ́ kìkì òdo, ẹ dá a padà, kódà bí ẹni tí ń tà á bá jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ẹ kọ nọ́ńbà náà pamọ́ sínú ìwé. Ẹ má ṣe ra síìmù tí a ti forúkọ sílẹ̀, ẹ má sì ṣe tẹ ìka lẹ́ẹ̀kejì láìbéèrè ìdí. Ẹni tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ ìlà rẹ̀ jìyà lè pe NCC lórí 622.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí n kò fẹ́ kí á fi pamọ́. Nígbà tí ìjọba bá so orúkọ, ìtẹ̀ka, síìmù àti ara fóònù pọ̀, yóò lè mọ ibi tí ọmọ Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan tí ó gbé fóònù tí ó wà ní títàn lọ́wọ́ wà. Agbára ńlá ni èyí, àtàrí àjànàkú sì ni, kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Kí wọ́n tó ṣí ìwé IMEI, kí NCC jáde sọ fún ará Ajégúnlẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́, ibi tí ìwé náà yóò wà, àwọn tí yóò ní àṣẹ láti ṣí i, ìwé ilé-ẹjọ́ tí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ mú wá kí ó tó wò ó, àti ìyà tí ó wà fún òṣìṣẹ́ tí ó bá tà á.